Ọmọ Tí Kò Tètè Dáhùn Kì í Ṣe Olódo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. A máa ń pa á nígbà tí a bá fẹ́ kí ọmọdé àti àgbà ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un wò lọ́nà mìíràn lónìí. Ẹni tí ó pa òwe náà kò bú ọmọdé nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó pẹpẹ. Kò pè é ní ọ̀lẹ. Kò sì mú ẹgba tì í pé kí ó máa na ọwọ́ náà títí yóò fi gùn. Ó mọ̀ pé bí àkókò bá tó, ọwọ́ náà yóò tó pẹpẹ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ni èyí: bí a bá lè ní irú sùúrù yìí fún ọwọ́ ọmọ, kí ló dé tí a kò ní in fún ọpọlọ rẹ̀?

Ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un fo kíláàsì kan nítorí pé ó tètè mọ ìwé kà. Inú gbogbo wa dùn. Bàbá wa pa adìyẹ. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tí wọ́n gbé e sí, kò sí ọmọ tí kò fi ọdún kan tàbí méjì jù ú lọ. Ní àràárọ̀, tíṣà wọn a mú wọn dìde dúró fún ìṣirò àfọkànṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní "mental". Tíṣà a pe ìṣirò náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn a jókòó, ẹni tí ó bá tẹ̀lé e a jókòó, títí yóò fi ku àwọn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta náà ni yóò jẹ ẹgba. Kò sí ọjọ́ kan tí àbúrò mi kì í sí nínú wọn.

Kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn. Bí a bá délé tí mo bi í ní ìṣirò kan náà, a wo òrùlé díẹ̀, a sì dáhùn, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" tí ó fi ń wo òrùlé yẹn ni kíláàsì kò fún un. Kí sáà kejì tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Olódo. Kí ọdún tó parí, òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé orúkọ òun ni. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, inú a bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Lónìí, ọmọ náà wà ní ilé-ìwé girama, ó sì ń ṣe ìṣirò tí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè ṣe. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá wa ní ṣọ́ọ̀bù òun ni ó là á lójú, nítorí pé lẹ́yìn ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun ta ẹ̀lùbọ́, tí ó sì ń fún oníbàárà ní ṣéńjì. Bàbá wa ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọmọ náà gbó sí i ni. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì ni mo gbé lọ sí ilé-ìkàwé. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bá irú rẹ̀ bọ̀: bí ọmọ ṣe ń yára sí i bí ó ti ń dàgbà, ṣé gbígbó ni, àbí ìdánrawò?

KÍ NI ÌYÁRA ỌPỌLỌ?

Bí a bá bi ènìyàn ní ìbéèrè, ohun púpọ̀ ni ọpọlọ ń ṣe kí ẹnu tó dáhùn. Yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò mọ̀ ọ́n, yóò wá ohun tí ó bá a mu nínú àká ìrántí, yóò yan ìdáhùn, lẹ́yìn náà ni yóò tó rán ẹnu níṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ní àkókò tí ó ń gbà, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ara kì í gba àkókò rárá. Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ni ó já èyí ní irọ́ ní ọdún 1850. Iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni ó fi wọ̀n ọ́n. Ó rí i pé ìròyìn inú iṣan náà ń rìn ní nǹkan bí mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyára ohùn nínú afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé ìrònú ọpọlọ ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn, àti pé a lè wọn bí ó ṣe ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé ìyára yàtọ̀ sí ọgbọ́n. Ẹni tí ó yára lè yára ṣìnà. Ẹni tí ó lọ́ra lè rí ohun tí ẹni tí ó yára fò kọjá. Lóòótọ́, ìyára wúlò, nítorí pé ọmọ tí ó bá pẹ́ lórí ìgbésẹ̀ kìíní ìṣirò lè gbàgbé ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ìgbésẹ̀ kẹta. N kò sọ pé kí a má ka ìyára sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ibi tí ó ti ń wá kí a tó mú ẹgba.

GBÍGBÓ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn bàbá wa. Àwọn okùn tín-tìn-tín tí ń gbé ìròyìn káàkiri inú ọpọlọ ni ọ̀rá funfun kan ń bò díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Èyí tí a bá ti bò, ìròyìn inú rẹ̀ a máa yára ju ti èyí tí a kò bò lọ. Láti inú oyún ni ìbòrí yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í parí títí ènìyàn yóò fi lé ní ọmọ 20 ọdún. Apá iwájú orí, tí a fi ń ṣètò ìrònú tí a sì fi ń kó ara wa níjàánu, wà lára àwọn tí ó máa ń kẹ́yìn. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fiyè sí i pé àwa tí a ń fi ọmọ kékeré ṣẹ̀sín yìí, iṣẹ́ náà kò tíì parí lórí àwa náà.

Robert Kail, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún 1986 sí 1991. Onírúurú iṣẹ́ ni a ń gbé fún ọmọdé àti àgbà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fi ọkàn yí àwòrán kan po títí yóò fi dúró bí èkejì, kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n ro nọ́ńbà pọ̀, kí wọ́n wá àmì kan láàárín àmì púpọ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò jọ ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Kail kó àbájáde ìwádìí púpọ̀ jọ ní ọdún 1991, ó rí i pé àkókò tí àwọn ọmọ ọjọ́ orí kan ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po kan náà ti àgbà, iṣẹ́ yòówù kí a gbé fún wọn. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí àpẹẹrẹ, ń lo ohun tí ó sún mọ́ ìlọ́po méjì àkókò tí àgbà ń lò. Ìlọ́po yìí ń dín kù kíákíá nígbà èwe, ó sì ń rọra dín kù títí ọmọ yóò fi bàlágà tán.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ìdánrawò nìkan ni ó ń mú àgbà yára ju ọmọdé lọ, à bá retí kí àlàfo náà tóbi nínú iṣẹ́ tí àgbà ti ṣe púpọ̀, kí ó sì kéré nínú èyí tí ó ṣàjèjì sí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àlàfo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó dà bí ẹni pé ohun kan wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí ń gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí eyín ṣe ń hù. Kò sí tíṣà tí ó lè fi ẹgba mú eyín hù.

Ìtàn kan tún wà tí ó yẹ kí àwa Yorùbá fẹ́ràn, nítorí ìbejì ni. Ní ọdún 1929, Arnold Gesell àti Helen Thompson, ní Amẹ́ríkà, mú ìbejì obìnrin méjì tí wọ́n jọra bí ìmumu. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 46 láyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀kan nínú wọn ní àkàsọ̀ gígùn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn kò kọ́ èkejì rárá. Nígbà tí èkejì pé ọ̀sẹ̀ 53 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ó fi bá ẹnì kejì rẹ̀ tí ó ti ń gun àkàsọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìdí ni pé ara rẹ̀ ti tó iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e fún un. Mo mọ̀ pé ìbejì kan ṣoṣo kò tó fi ṣòfin. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí òbí tí ó ń fi ọmọ ọdún mẹ́ta sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tún èrò rẹ̀ pa.

ÌDÁNRAWÒ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ìyá wa. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni ìdánrawò.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé. Ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256. Bí ọmọ awo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀, a máa kà á ní oókan-oókan: èyí ṣí, èyí dé, ọ̀tún nìyí, òsì nìyí. Bí babaláwo tí ó ti pẹ́ bá dà á, kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó fara balẹ̀ tán ni yóò ti pe odù náà lórúkọ. Kì í ka ojú mẹ́jọ mọ́, odù kan ni ó ń rí, bí a ṣe ń rí ojú ẹni tí a mọ̀ tí a kì í kọ́kọ́ ka imú àti ètè rẹ̀. Ìdánrawò kò kàn mú un yára lórí ọ̀nà àtijọ́. Ó fún un ní ọ̀nà àbùjá.

Nọ́ńbà wa gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí a wo 67, ẹ́tàdínláàádọ́rin. Ogún lọ́nà mẹ́rin ni ọgọ́rin. Yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́rin. Yọ ẹ̀ta kúrò, ó di 67. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń ka obì lọ́jà kì í gbé ìgbésẹ̀ kankan, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wọ kíláàsì àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan pe 67 ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni yóò wo òrùlé bí àbúrò mi. Ṣé a jẹ́ olódo ni? Rárá o. Ọpọlọ wa ti gbó tó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi dá ara wa láṣà nọ́ńbà kíkà, ìdánrawò ni a kò ní.

Ìdánrawò lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbé ọmọdé borí àgbà. Ní ọdún 1978, Michelene Chi tẹ àwọn ọmọ eré chess fún àwọn ọmọdé tí wọ́n mọ eré náà dáadáa àti fún àwọn àgbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó kó wọn kúrò, ó ní kí wọ́n tún wọn tẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n rántí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pe nọ́ńbà lásán fún wọn pé kí wọ́n tún un pè, àwọn àgbà ni wọ́n borí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò ní àdúgbò wa kò ní ṣe iyè méjì sí èyí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ayò tọ́ dàgbà lè sọ ọ̀jọ̀gbọ́n di òpè lórí ihò méjìlá, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ka iye ọmọ ayò tí ó wà nínú ihò kan tán.

Ṣùgbọ́n ìdánrawò ní ààlà, ààlà náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ní ọdún 1990, Kail àti Young-Shin Park mú àwọn ọmọ ọdún 11 àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tó ọmọ 20 ọdún, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi ọkàn yí àwòrán po ní ìgbà tí ó lé ní 3,000. Gbogbo wọn ni wọ́n yára sí i gidigidi, ọmọdé àti àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn tí ó jẹ́ ti ìrántí fún wọn, ìyára náà kò bá wọn débẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní Japan. Àwọn ọ̀gá nínú ìṣirò abacus, ìyẹn pátákó ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò, lè gbọ́ nǹkan bí nọ́ńbà 15 lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì tún un kà láìṣì. Giyoo Hatano àti akẹgbẹ́ rẹ̀ dán wọn wò ní ọdún 1983. Nígbà tí wọ́n pe lẹ́tà tàbí orúkọ èso fún wọn dípò nọ́ńbà, wọ́n di bí gbogbo ènìyàn. Ohun tí ènìyàn bá fi ara dán ni ó ń yára nínú rẹ̀. Gbígbó ni ó ń gbé gbogbo ilé sókè, ìdánrawò ń tún yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe.

ÀWỌN TÍ YÓÒ TAKÒ MÍ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Èmi kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n òwe kì í dá ẹjọ́ ọmọ tí kò ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Kò sọ pé òun kò lè jẹ́ àṣàmú láéláé.

Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá dúró de gbígbó, ọ̀lẹ ni a ó fi kọ́ ọmọ. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Charles Super, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Kipsigis ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kọ ọ́ ní ọdún 1976 pé àwọn ọmọ wọn ń tètè jókòó, wọ́n sì ń tètè rìn ju àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Ìdí ni pé àwọn ìyá wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ wọn ní ìjókòó àti ìrìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà wa náà ṣe ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n rírá, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn, wọn kò tètè ṣe é ju ọmọ ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé gbígbó nìkan ni, kò tíì rí Kẹ́ńyà. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ìdánrawò nìkan ni, kò tíì gbọ́ ìtàn ìbejì. Àwọn ìyá Kipsigis kò fi ẹgba kọ́ ọmọ ní ìrìn. Wọ́n di ọmọ mú ní apá, wọ́n sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

ÈDÈ WO NI A FI Ń WỌN ỌMỌ?

Èyí ni ó kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí jù lọ. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní Brazil. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tí ń tajà lójú pópó, wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ní àgbọn mẹ́wàá jẹ́ èló bí ọ̀kan bá jẹ́ 35? Ọmọ kan ti mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105. Ó ro 105 mọ́ 105, ó tún ro òmíràn mọ́ ọn, ó fi 35 lé e, ó ní 350. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí 98 ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé ṣe ń kọ ọ́, bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà. Òótọ́ ni pé gbígbà àti ṣíṣì ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn kò ka ìyára. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn ọmọ tí ilé-ìwé lè pè ní olódo ni ọjà ń pè ní akọni.

Ọmọ wa tí a ń bi ní ìṣirò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni ó ń sọ nílé, iṣẹ́ méjì ni a gbé lé e lórí: kí ó túmọ̀ ìbéèrè, kí ó sì tún ṣe ìṣirò. Aago tí a gbé sí i níwájú ń ka méjèèjì pọ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí èyí ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ìdùnnú wa kò tíì kárí tí omi fi tutù sí i. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ yára kò ní kọ́kọ́ gba èdè tí ó ń yára nínú rẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìjọba nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Èkíní, bí a bá ti bèèrè ọ̀rọ̀, kí a dákẹ́ díẹ̀. Mary Budd Rowe wo ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó bi ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n kọ́ láti dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, ó sì ní láárí, àwọn tí kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èkejì, kí a yéé na ẹni tí ó dáhùn kẹ́yìn. Nínú ìlà yòówù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ẹgba kò lè fi ọ̀rá bo okùn ọpọlọ. Ìbẹ̀rù ni ó ń kọ́ni, ọmọ tí ẹ̀rù bà a sì máa gbàgbé èyí tí ó mọ̀ pàápàá.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe mú ọmọ fo kíláàsì nítorí ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀. Yàrá kan lè dára kí ilé má tíì ga.

Ẹ̀kẹrin, kí ìdánrawò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì dùn. Ayò, àlọ́ àpamọ̀ àti àrọ̀ wà nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ yára nínú ìṣirò, kí a fi ìṣirò dán an wò, kí a má rò pé eré orí fóònù tí ó ń ta yóò ṣe é fún un. Bí ọmọ bá sì ń lọ́ra jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ń gbọ́ràn dáadáa, tí ojú rẹ̀ sì ń ríran dé ojú pátákó.

Ní ìkẹyìn, bí ẹ bá bi mí pé ta ni ó jàre láàárín bàbá wa àti ìyá wa, n ó ní àwọn méjèèjì ni. Ọmọ náà gbó, ó sì fi ara dán an. Ẹni tí kò jàre ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ tí kò jẹ́ kí ó tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń súre fún ọmọ, a máa ń sọ pé yóò gbó, yóò tọ́. Àwọn baba wa kò fi ọjọ́ sí i. Wọn kò ní kí ó gbó ṣáájú ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n kàn ń ṣe àdúrà náà, wọ́n sì ń dúró. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fún ọmọ láyè kí ó wo òrùlé. Ìdáhùn ń bọ̀.